Ta ló ni páńẹ́lì tó wà lórí òrùlé yín?

Mo tún rí ìpolówó yẹn lówùúrọ̀ yìí: "Gbé sólà sílé, má san kọ́bọ̀ lónìí." Inú bí mi. "Lónìí" tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn gan-an ni gbogbo ẹ̀tàn náà wà. Wọn ò sọ ohun tí ẹ máa san lọ́la, wọn ò sọ ti ọ̀túnla, wọn ò sì sọ ti ọdún tí ọmọ tó ń rákòrò nílé yín báyìí máa ti di ẹni tó ń ṣègbéyàwó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá ọ̀rẹ́ mi kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá kanlẹ̀kùn wọn. Ó kí wọn dáadáa, "Mọ́mì" ló ń pè wọ́n. Ó ní iléeṣẹ́ òun á gbé páńẹ́lì sórí òrùlé wọn, á fi bátìrì àti inverter sí i, àtúnṣe ò ní kàn wọ́n, kí Mọ́mì ṣáà máa san owó háyà lóṣooṣù. Ó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì síwájú wọn, ó ní kí wọ́n fi ìka buwọ́ lù ú. Màmá buwọ́ lù ú. Iná sì ń tàn lóòótọ́, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Fún bí ọdún mélòó kan, Màmá ń yìn wọ́n fún gbogbo ẹni tó bá wá sílé.

Ìgbà tí ara Màmá ò le mọ́, tí wọ́n fẹ́ ta ilé náà kí wọ́n lè lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọ wọn, ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Ẹni tó fẹ́ ra ilé ní òun ò lè ra ilé kí òun tún ra gbèsè mọ́ ọn. Iléeṣẹ́ náà ní àfi kí ẹni yẹn gba àdéhùn mọ́ Màmá lọ́wọ́, tàbí kí Màmá san gbogbo owó tó kù lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rẹ́ mi ní, ó dáa, ẹ wá tú páńẹ́lì yín lọ. Wọ́n ní rárá, ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi wá jókòó ka ìwé náà látòkè délẹ̀. Ọdún 25 ni. Lọ́dọọdún, owó háyà á máa fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Tí ọdún 25 bá sì pé, iléeṣẹ́ ló ṣì ni páńẹ́lì. Bí Màmá bá fẹ́ ẹ, kí wọ́n rà á ní iye tó bá ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ náà.

Ìdá 3 kì í ba èèyàn lẹ́rù lójú ìwé, ẹ ṣáà ṣírò rẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100 lóṣù á ti máa san 203 lóṣù nígbà tó bá wọ ọdún 25. Páńẹ́lì fúnra rẹ̀ ńkọ́? Agbára rẹ̀ ń dín kù ní nǹkan bí ìlàjì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dọọdún. Tó bá fi máa tó ìgbà yẹn, á kù sí bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó lè ṣe nígbà tó wà ní tuntun. Owó ń gòkè, iná ń lọ sílẹ̀. Ìwọ̀fà ayé àtijọ́ pàápàá, bí wọ́n bá ti san owó tí wọ́n torí rẹ̀ fi í sìn, ilé ló ń padà sí. Òrùlé Màmá ń sìn, kò sì sí iye tí wọ́n san tó máa sọ páńẹ́lì yẹn di tiwọn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á wá sọ fún mi pé àtúnṣe wà nínú owó háyà. Àtúnṣe wo? Páńẹ́lì kì í mu epo, kò ní ẹ́ńjìnnì. Kí wọ́n ṣáà máa fọ eruku ara rẹ̀. Àwọn tó ń ṣe é fúnra wọn máa ń fọwọ́ sọ̀yà pé á ṣiṣẹ́ fún ọdún 25. Inverter ló máa ń yẹ fún pípààrọ̀, láàárín ọdún 10 sí 15, àti bátìrì: èyí tó ń lo òjé àti ásíìdì kì í sábà ju ọdún 3 sí 5 lọ, lithium lè tó ọdún 10. Ẹ ṣírò iye tí wọ́n ń ta ìwọ̀nyẹn, kí ẹ fi wé owó háyà ọdún 25, kí ẹ tó sọ pé àánú ni wọ́n ń ṣe yín. Èyí tí wọ́n ní kí ẹ máa san owó ìwọ̀n iná tí páńẹ́lì bá mú wá nìkan, bí owó rẹ̀ bá ń lé lọ́dọọdún, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Tèmi ni pé kí ẹni tó lówó rà á. Ẹni tí kò lówó, kó yá owó rà á, kó san án tán, kó di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kó la ojú ẹ̀ sílẹ̀ o. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, CFPB, àjọ tó ń gbèjà àwọn oníbàárà lórí ọ̀rọ̀ owó ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ síta pé àwọn ayánilówó sólà kan ń fi owó pamọ́ sínú ẹ̀yáwó, débi pé gbèsè náà sábà máa ń fi ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ga ju ohun tí ẹni tó sanwó lójú ẹsẹ̀ máa san. Èlé tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kéré, àmọ́ iye ọjà ni wọ́n ti bu owó tó kù lé. Kí ẹ tó buwọ́ lu ohunkóhun, ẹ bi wọ́n pé: "Èló ni, bí mo bá san gbogbo rẹ̀ lónìí?" Bí ẹni náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọ̀rọ̀ po, ẹ dìde níwájú ẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé tálákà ò lè ra sólà. Ní Bangladesh, ètò tí IDCOL, iléeṣẹ́ ìjọba kan tó ń yáni lówó, bẹ̀rẹ̀ ní 2003 fi ẹ̀yáwó kéékèèké gbé sólà dé ilé tó ju mílíọ̀nù 4 lọ ní ìgbèríko. Wọ́n ń san án díẹ̀díẹ̀, ó sì ń di tiwọn.

Ibi tí ọkàn mi ti ń ṣe méjì ni èyí tí wọ́n ń fi fóònù san lójoojúmọ́, irú èyí tí M-KOPA, iléeṣẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kẹ́ńyà ní 2011, sọ di ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀. Ẹ san díẹ̀ ṣíwájú, ẹ máa san ìyókù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bó bá tán, ó di tiyín. Ó sàn ju ti Màmá lọ fíìfíì. Àmọ́ bí ẹ ò bá rí owó san, wọ́n á ti ohun èlò náà pa láti ọ̀nà jíjìn. Mo máa ń sọ pé ìwà ìkà nìyẹn, kí òkùnkùn bo ilé ẹni tí owó ò wọlé fún lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀rẹ́ mi yìí ló bi mí pé bí kò bá sí títì yẹn, ta ló máa yá ẹni tí kò ní báǹkì, tí kò ní onídùúró, ní ohunkóhun? Ó ní kẹrosíìnì tí onítọ̀hún ń rà tẹ́lẹ̀ náà, ojoojúmọ́ ló ń sanwó rẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tó máa san án tán. Mi ò tíì rí èsì tó tẹ́ èmi fúnra mi lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ti san irú rẹ̀ tán, nígbà tí ẹ ro gbogbo owó náà pọ̀, báwo ló ṣe jìnnà tó sí iye tí ẹ̀ bá fi rà á lẹ́ẹ̀kan?