Bí A Bá Ń Sunkún, À Á Máa Ríran

Òwe yìí kì í sábà jáde lẹ́nu àgbà lọ́jọ́ ayọ̀. Ọjọ́ tí nǹkan bá dé bá èèyàn, tí ara rẹ̀ ń gbọ̀n, tí kò mọ ibi tí yóò kọjú sí, ìgbà náà ni wọ́n máa ń pa á fún un: bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni pé kò ní ká kọ́kọ́ nu omijé nù. Ẹkún ń lọ, ìríran náà ń lọ, ojú kan náà ló ń ṣe méjèèjì.

Ó wà lọ́kàn mi nítorí ohun tí àwa onígbàgbọ́ máa ń ṣe fún ọlọ́fọ̀. A ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú lánàá, a ó ní, "Má sunkún mọ́, ṣebí o nígbàgbọ́?" Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí àwọn ará Tẹsalóníkà pé kí wọ́n má ṣe banú jẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Kò sọ pé kí wọ́n má banú jẹ́ rárá. Jésù fúnra rẹ̀ ti sọ fún àwọn ọmọ ẹ̀yìn pé òun ń lọ jí Lásárù, ọ̀rẹ́ wọn tó ti kú, dìde. Síbẹ̀, nígbà tó dé Bẹ́tánì, tí òkú ti lo ọjọ́ 4 nínú ibojì, tó rí Màríà, arábìnrin Lásárù, àti àwọn tó bá a wá tí wọ́n ń sunkún, omi bọ́ lójú òun náà. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí, ó sì sunkún.

Ẹ wo Hágárì, ẹrúbìnrin tó bímọ fún Ábúráhámù, ní Jẹ́nẹ́sísì orí 21. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ, oúnjẹ díẹ̀ àti omi inú ìgò awọ ni gbogbo ẹrù rẹ̀, pẹ̀lú ọmọ lọ́wọ́. Omi tán ní aginjù Beerṣéba. Ó tẹ́ ọmọ sábẹ́ igi kékeré kan, ó lọ jókòó sí ọ̀ọ́kán, níwọ̀n ibi tí ọfà lè dé, nítorí kò fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ikú ọmọ náà. Ẹ rò ó wò: ìyá tó sún sẹ́yìn kí ojú rẹ̀ má baà rí, tí kò sì lè fi ọmọ sílẹ̀ lọ. Ibẹ̀ ló ti gbé ohùn rẹ̀ sókè, tó bú sẹ́kún. Ìwé Mímọ́ kò sọ pé Ọlọ́run gbẹ́ kànga fún un. Ó ní Ọlọ́run là á lójú, ó sì rí kànga. Obìnrin yìí kan náà ló ti pe Ọlọ́run ní Ẹni tó rí mi, ní orí 16. Ó dìde, ó pọn omi kún ìgò, ó fún ọmọ mu.

Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀ lé ẹkún ni pé, "Kí ni mo ṣe?" Òótọ́ ni pé àfọwọ́fà wà, Ọba Dáfídì, tó gba ìyàwó Ùráyà, mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé ìṣọ́ wó pa èèyàn 18 ní Sílóámù, Jésù kò gbà pé wọ́n burú ju àwọn ará Jerúsálẹ́mù yòókù lọ. Nígbà tí wọ́n sì bi í léèrè nípa ẹni tí a bí ní afọ́jú pé ta ló dẹ́ṣẹ̀, òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀, ó ní kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn.

Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù ló yẹ ká máa rántí níhìn-ín. Ọjọ́ 7 tọ̀sán tòru ni wọ́n fi bá a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láìsọ ọ̀rọ̀ kan. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó dára jù tí wọ́n ṣe nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n lanu, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ tí Jóòbù dá, ni nǹkan bà jẹ́. Nígbẹ̀yìn, Ọlọ́run bínú sí wọn, Jóòbù ló sì wá gbàdúrà fún wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀run ní orí 1 àti 2, níbi tí Sátánì ti gba àyè láti dán Jóòbù wò, a ò rí ibi tí wọ́n ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Jóòbù. Kò rí ìdí. Ohun tó sọ ní orí 42 ni pé etí lòun ti fi ń gbọ́ nípa Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ní báyìí ojú òun ti rí i.

Pọ́ọ̀lù náà, tó kọ ọ́ sí àwọn ará Róòmù pé ìpọ́njú ń ṣiṣẹ́ sùúrù, sùúrù ń ṣiṣẹ́ ìrírí, ìrírí ń ṣiṣẹ́ ìrètí, kì í ṣe ẹni tó jókòó sínú ìtura. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n nà án ní ẹgba 39, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọkọ̀ ojú omi fọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹ̀gún kan wà lára rẹ̀ tó bẹ Olúwa lẹ́ẹ̀mẹta pé kó yọ, kò yọ. Oore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa ní yóò tó o. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má fi ọ̀rọ̀ yìí de ẹni tí wọ́n ń lù nílé mọ́lẹ̀, tàbí kó fi dí aláìsàn lọ́nà ìtọ́jú. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà gba ojú fèrèsé jáde ní Damásíkù nínú agbọ̀n. Ọjọ́ tí wọ́n so ó mọ́lẹ̀ láti nà án, ó béèrè bóyá òfin gbà kí wọ́n na ará Róòmù tí a kò tíì dá lẹ́jọ́. Ó sì ní kí Tímótì, alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀, lo wáìnì díẹ̀ nítorí inú tó ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ìyà tó ṣeé yẹ̀ sílẹ̀, ẹ yẹ̀ ẹ́. Èyí tí kò ṣeé yẹ̀ la ń wá ojú tí a ó fi wò.

Bí ẹ̀mí bá wà, ìrètí ń bẹ, bẹ́ẹ̀ la máa ń wí, ọ̀rọ̀ gidi sì ni. Ṣùgbọ́n kí lẹ fẹ́ sọ fún ẹni tí ẹ̀mí ti bọ́ lára èèyàn rẹ̀? Kristẹni kò lè dúró síbi tí òwe yẹn dúró sí. Pọ́ọ̀lù ní bó bá jẹ́ ní ayé yìí nìkan la ní ìrètí nínú Kristi, àwa ló yẹ kí gbogbo èèyàn káàánú jù. Ibojì òfìfo Jésù ni ìrètí yìí dúró lé.

Ibẹ̀ gan-an ni Màríà Magidalénì dúró sí lówùúrọ̀ ọjọ́ kìíní ọ̀sẹ̀, lẹ́yìn tí Pétérù àti ọmọ ẹ̀yìn kejì ti wò ó, tí wọ́n padà sílé. Jòhánù orí 20 sọ pé bó ṣe ń sunkún, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì wo inú ibojì. Kò dákẹ́ ẹkún kó tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó rí áńgẹ́lì méjì, ọ̀kan níhà orí, ọ̀kan níhà ẹsẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún, ó sì sọ fún wọn. Ó yí padà, ó rí Jésù tó dúró, kò mọ̀ pé òun ni; olùtọ́jú ọgbà ló pè é. Ìbéèrè kan náà ni Jésù bi í, láìbá a wí. Màríà ní bó bá jẹ́ ọkùnrin náà ló gbé òkú náà, kó sọ ibi tó tẹ́ ẹ sí, kí òun lọ gbé e.

Jésù ní, "Màríà."

Ó yíjú sí i, ó pè é ní Olùkọ́ ní èdè wọn: "Rábónì!"