Ààwẹ̀ Kì í Ṣe Ètùtù fún Ẹ̀ṣẹ̀

Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ tí ènìyàn dá kí ó tó ṣe ìtẹ̀bọmi nìkan ni ikú Jésù pa rẹ́, àti pé èyí tí ó bá dá lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ni yóò fi ààwẹ̀, ẹ̀jẹ́ tàbí ọrẹ pàtàkì wẹ̀ ẹ́ nù. Ìlú tí T. J. Bowen, míṣọ́nnárì ará Amẹ́ríkà, ti mú ìwàásù ìjọ Onítẹ̀bọmi dé ní ọdún 1855 ni a sì ti ń gbọ́ èyí. Ní ọjọ́ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, bí díákónì bá gbé àwo búrẹ́dì dé ọ̀dọ̀ àwọn mìíràn, ńṣe ni wọ́n ń tì í sí ẹni tí ó jókòó tẹ̀lé wọn, nítorí pé ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi ń tọrọ àforíjì kò tíì pé. Pọ́ọ̀lù ní kí ènìyàn yẹ ara rẹ̀ wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó fi kún un pé kí ó sì jẹ nínú oúnjẹ náà.

Àwọn tí wọ́n ti gbàgbọ́ ni Jòhánù kọ̀wé sí, nígbà tí ó sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá dẹ́ṣẹ̀, a ní alágbàwí lọ́dọ̀ Baba, òun náà sì ni ètùtù fún ẹ̀ṣẹ̀ wa.

Hébérù orí kẹwàá ni ó là á yéni jù lọ. Nínú àgọ́ tí Mósè pa, tábìlì wà, ọ̀pá fìtílà wà, pẹpẹ wà, ṣùgbọ́n a kò kà nípa àga kankan tí àlùfáà lè jókòó lé, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ kì í tán: bí ó ti ń pa ẹran lónìí ni yóò tún pa òmíràn lọ́la, Ọjọ́ Ètùtù yóò sì tún dé ní ọdún tí ń bọ̀. Kristi ní tirẹ̀ rú ẹbọ kan ṣoṣo, ó sì jókòó ní ọwọ́ ọ̀tún Ọlọ́run. Ẹni tí ó bá ní ààwẹ̀ òun ni yóò parí ètùtù náà ń sọ fún Kristi, bí kò tilẹ̀ mọ̀, pé kí ó tún dìde.

Pétérù sẹ́ Olúwa rẹ̀ nígbà mẹ́ta, lẹ́yìn tí ó ti jẹ́wọ́ rẹ̀ ní Kristi. Nígbà tí wọ́n tún pàdé létí òkun, ẹja àti búrẹ́dì ni Jésù fún un jẹ. (Kò ní kí ó kọ́kọ́ gbààwẹ̀.)

N kò sọ pé kí a má gbààwẹ̀ mọ́, n kò sì sọ pé kí olè má dá owó olówó padà. Sákéù agbowó-òde ṣèlérí pé òun yóò dá a padà ní ìlọ́po mẹ́rin, ṣùgbọ́n àwọn tí ó rẹ́ jẹ ni yóò san án fún, Jésù sì ti gbà láti wọ̀ sí ilé rẹ̀ kí ó tó sọ bẹ́ẹ̀.