Kì í ṣe kọ̀ǹpútà ló gbé yín balẹ̀

Ẹ̀gbọ́n kan ló jókòó tì mí nínú bàálù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Èrò lèmi náà lọ́jọ́ yẹn, mi ò wọ aṣọ iṣẹ́. Atẹ́gùn ń gbá wa láti ẹ̀gbẹ́, táyà sì kanlẹ̀ gbì. Ẹ̀gbọ́n mi orí, wọ́n ní: "Kọ̀ǹpútà yìí ò mọ̀ ọ́n gbé balẹ̀ rárá. Ṣebí òun ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, bọ́tìnnì lásán làwọn páílọ́ọ̀tì ń tẹ̀." Àwọn tó wà níwájú wa gbè wọ́n lẹ́sẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀rẹ́, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àna, ó sì ti sú mi dé ọ̀fun.

Bàálù wíwà niṣẹ́ mi. Ó lé ní ọdún 15 tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Tí mo bá ka iye ìgbà tí mo jẹ́ kí ẹ̀rọ gbé bàálù balẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú, mi ò rò pé ó pé 20. Ọwọ́ la fi ṣe gbogbo ìyókù. Ọwọ́ náà la fi ń gbéra, torí autopilot, ẹ̀rọ tó ń bá wa darí bàálù, èyí tó wà nínú àwọn bàálù wa, kì í gbé bàálù kúrò nílẹ̀ rárá.

Lókè lọ́hùn-ún, òótọ́ ni pé autopilot ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn náà. Ṣùgbọ́n tá a bá ti sọ̀ kalẹ̀, tá a ti rí runway, ìyẹn ọ̀nà tí bàálù ń balẹ̀ sí, páílọ́ọ̀tì á pa autopilot, nígbà mìíràn ní nǹkan bí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà, nígbà mìíràn kó tiẹ̀ kù díẹ̀ sí i. Láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ kan wà lórí ọ̀pá ìdarí, ọwọ́ kejì wà níbi tá a ti ń bu agbára fún ẹ́ńjìnnì. Bí atẹ́gùn bá ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, imú bàálù á kọjú sí ọ̀dọ̀ atẹ́gùn, bàálù á máa rìn ní ẹ̀gbẹ́ẹ̀gbẹ́ bọ̀ wá sórí runway. Nígbà tó bá ku díẹ̀ kó kanlẹ̀, a óò gbé imú sókè díẹ̀, a óò fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dálì kí imú lè tọ́, a óò sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ni gbogbo rẹ̀ ń parí. Gbì tí ẹ̀gbọ́n gbọ́ yẹn kì í ṣe àṣìṣe: bí ilẹ̀ bá tutù tàbí tí atẹ́gùn bá le, a máa ń mọ̀ọ́mọ̀ gbé e kalẹ̀ ṣinṣin kí táyà lè di ilẹ̀ mú.

Autoland, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń gbé bàálù balẹ̀ fúnra rẹ̀, wà, mi ò ní kò sí. Ọdún 1965 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo irú ẹ̀ nínú bàálù Trident tó ń kó èrò lọ sí Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú Lọ́ńdọ̀nù. Kùrukùru ló mú kí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tí kùrukùru bá sì bolẹ̀ tójú ò ríran la sábà ń lò ó. Bàálù gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rọ tó yẹ, runway náà gbọ́dọ̀ ní ILS tó péye, ìyẹn ẹ̀rọ ilẹ̀ tó ń fi àmì rédíò tọ́ bàálù wá sórí runway, páílọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, atẹ́gùn ò sì gbọdọ̀ kọjá ìwọ̀n. Nínú bàálù tí mò ń wà, atẹ́gùn ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n fàyè gbà fún ẹ̀rọ kéré sí èyí tí ọwọ́ lè gbà. Ìyẹn ni pé irú ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n ń bú kọ̀ǹpútà gan-an ni kọ̀ǹpútà kì í lè ṣe é!

Èyí tó yẹ kó pa ẹnu gbogbo wọn dé ṣẹlẹ̀ ní Munich, ní Jámánì, ní ọjọ́ 3, oṣù kọkànlá, ọdún 2011. Boeing 777 kan ti Singapore Airlines ń fi autoland balẹ̀. Àmì rédíò tí ILS ń rán jáde ni ẹ̀rọ náà fi ń mọ àárín runway. Bí kùrukùru bá pọ̀, àwọn tó ń darí bàálù láti ilẹ̀ kì í jẹ́ kí ohunkóhun sún mọ́ ibi tí àmì náà ń gbà kọjá. Lọ́jọ́ yẹn, ojú ọjọ́ ò tíì burú tó bẹ́ẹ̀, wọn ò sì dí ibẹ̀. Bàálù mìíràn gbéra níwájú, ó la àmì náà kọjá, àmì wọ́. Ẹ̀rọ ò mọ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa fóun, ó kàn tẹ̀ lé e. Bàálù yà kúrò lórí runway sápá òsì, ó tún gé runway kọjá, inú koríko lápá ọ̀tún ló dúró sí. Ẹnikẹ́ni ò fara pa, mo dúpẹ́.

Ẹ wo ti San Francisco ní Amẹ́ríkà náà, ní ọjọ́ 6, oṣù keje, ọdún 2013. Ojú ọjọ́ mọ́ kedere. Apá ILS tó ń fi bí bàálù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ hàn ni wọ́n ti pa nítorí iṣẹ́ tó ń lọ níbẹ̀. Àwọn páílọ́ọ̀tì Asiana, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Kòríà, ń fọwọ́ gbé bàálù balẹ̀, wọ́n sì rò pé ẹ̀rọ ń bá wọn di eré mú. Kò dì í mú. Ìdí bàálù gbá ògiri etí omi, èèyàn mẹ́ta kú. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ ló ń balẹ̀ lójoojúmọ́, kí ló dé tí ọwọ́ tó jó rẹ̀yìn fi pa èèyàn? Ní oṣù kìíní ọdún yẹn gan-an, FAA, àjọ tó ń bójú tó ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ti kọ̀wé sáwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú pé kí wọ́n jẹ́ káwọn páílọ́ọ̀tì máa fọwọ́ wà á sí i, kó má di pé ọwọ́ wọn ti gbàgbé iṣẹ́.

Wọ́n á ní àwọn rí fídíò tí bàálù ń dá balẹ̀. Èmi náà rí i. Fídíò ọjọ́ kan ò sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ autoland pàápàá, a kì í fọwọ́ lẹ́rán. Ọwọ́ wa la fi ń sọ táyà kalẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú kùrukùru, iná ìkìlọ̀ tàn nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́ wa, ẹ̀rọ ní òun ò lè gbé e balẹ̀ mọ́. Àwa la gbé bàálù padà sókè, àyà mi sì ń lù kìkì.

Airbus dán bàálù tó ń fi kámẹ́rà dá balẹ̀ wò lọ́dún 2020. Ó lè di ti gbogbo èrò lọ́jọ́ kan, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ọ̀la. Òní là ń sọ.

Nígbà tá a ń jáde nínú bàálù lọ́jọ́ yẹn, obìnrin tó wa bàálù náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti sọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀gbọ́n, wọ́n sì dúró, wọ́n bi í: "Ṣé ẹ̀yin gan-an lẹ gbé e balẹ̀?"

"Èmi ni, sà. Atẹ́gùn yẹn le díẹ̀."