Kóòdù ọ̀fẹ́ ò sọ orúkọ àti lógò di ọ̀fẹ́ o

"Ṣebí open source ni, ta ló fẹ́ bi mí?" Ohun tí ẹ máa gbọ́ nìyẹn tí ẹ bá bi ẹni tó lẹ lógò Python, èdè tí wọ́n fi ń kọ kóòdù, gàdàgbà síwájú sọ́ọ̀bù ẹ̀ ní Ọ̀tígbà n'Ìkẹjà, tàbí ẹni tó ń tẹ T-shirt Firefox, ètò tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, tà ní Yábà, tàbí ẹni tó ra domain, ìyẹn orúkọ website, tó ní WordPress (ètò tí wọ́n fi ń kọ́ website) nínú tó wá ń fi wá kọ́sítọ́mà. Open source ni ètò kọ̀ǹpútà tí ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ kí gbogbo ayé rí kóòdù ẹ̀, kí wọ́n lò ó, kí wọ́n sì tún un ṣe. Gbogbo wọn ló gbà pé níwọ̀n ìgbà tí kóòdù ti jẹ́ ọ̀fẹ́, orúkọ náà ti di ọ̀fẹ́ nìyẹn, lógò náà sì ti di ti gbogbo ayé. Àwọn tó mọ kóòdù kọ dáadáa gan-an gbà bẹ́ẹ̀, ìyẹn gan-an ló ń dùn mí, torí àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀.

Kì í ṣe òótọ́ rárá. Láísẹ́ǹsì tó wà lórí kóòdù, ọ̀rọ̀ kóòdù ló ń sọ, ìyẹn copyright, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ nǹkan lórí ohun tó kọ. Orúkọ àti lógò wà lábẹ́ òfin mìíràn, ìyẹn trademark, àmì tí wọ́n fi ń dá ọjà mọ̀, òfin méjèèjì ò sì dé ibì kan náà. Ẹ ṣí Apache License 2.0, ọ̀kan lára àwọn láísẹ́ǹsì tí wọ́n ń lò fún kóòdù ọ̀fẹ́, kẹ́ ẹ lọ sí ìpín 6, ó wà níbẹ̀ kedere pé láísẹ́ǹsì náà ò fún yín láṣẹ láti lo orúkọ tàbí àmì ẹni tó ni iṣẹ́, àfi ibi tẹ́ ẹ bá ti ń sọ ibi tí iṣẹ́ náà ti wá bó ṣe yẹ. Mozilla Public License 2.0 sọ irú ẹ̀. Láísẹ́ǹsì BSD oníkókó mẹ́ta ní kẹ́ ẹ má fi orúkọ àwọn tó kọ ọ́ polówó ọjà yín láìgba àṣẹ. Láísẹ́ǹsì GPL 3, ní ìpín 7, gba ẹni tó bá fẹ́ láyè láti kọ ọ́ kún un pé òun ò yọ̀ǹda orúkọ òun. Láísẹ́ǹsì MIT ni ò dárúkọ trademark rárá, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú, wọ́n rò pé tí wọn ò bá ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀, wọ́n ti fi sílẹ̀ nìyẹn. Wọn ò fi sílẹ̀ o, wọn ò kàn dárúkọ ẹ̀ ni.

Ẹ wò ó báyìí. Ní Balógun, tí télọ̀ kan bá gbé sítáìlì tuntun jáde, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì gbogbo ọjà ti ń rán an, kò sì sẹ́ni tó máa bá ẹnikẹ́ni jà. Ṣùgbọ́n ẹ lọ gé lébẹ̀lì télọ̀ yẹn kẹ́ ẹ rán an mọ́ ọrùn aṣọ tẹ́yin rán, kí aṣọ yẹn wá tú lójú rírán lẹ́yìn fífọ̀ kan péré, ìyàwó ilé tó rà á ò ní wá bá yín, ọ̀dọ̀ ẹni tí orúkọ ẹ̀ wà lọ́rùn aṣọ ló máa lọ fàbọ̀ sí. Ohun tí orúkọ project, ìyẹn ètò tí àwọn èèyàn jọ ń kọ, ń ṣe náà nìyẹn. Ẹni tó bá dáwúnlóòdù Firefox fẹ́ mọ̀ pé Firefox tí Mozilla ṣe ni, kì í ṣe èyí tẹ́nì kan jókòó sí ìdí ẹ̀ tó ki nǹkan tó ń jí password bọ̀ ọ́. Bí kóòdù bá sì ṣe rọrùn tó láti kọ́pì ni orúkọ ṣe gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń ṣọ́ ọ, torí orúkọ yẹn nìkan ni kọ́sítọ́mà lè fi dá ti gidi mọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì.

Tẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, ẹ jẹ́ ká lọ sídìí Debian. Àwọn Debian, tó ń ṣe irú Linux kan, ìyẹn ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń kó Firefox sínú ètò wọn, wọ́n ń tún àwọn nǹkan kan ṣe nínú ẹ̀, wọ́n sì yọ lógò ẹ̀ kúrò torí pé láísẹ́ǹsì lógò yẹn ò bá òfin Debian mu. Ní 2006, Mozilla sọ fún wọn pé tí wọ́n bá máa lo orúkọ Firefox, wọ́n gbọ́dọ̀ lo lógò ẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jẹ́ káwọn rí àtúnṣe tí wọ́n bá ṣe káwọn fọwọ́ sí i. Debian ò gbà, àmọ́ wọn ò sọ pé "open source ni" kí wọ́n máa lo orúkọ náà lọ, wọ́n yí i padà sí Iceweasel, kóòdù Firefox kan náà, orúkọ mìíràn, lógò mìíràn, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí di 2016 kí àwọn méjèèjì tó yanjú ẹ̀ tí Firefox fi padà. Ọdún mẹ́wàá! Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀fẹ́ jù láyé nìyẹn o, wọ́n mọ̀ pé àwọn lẹ́tọ̀ọ́ sí kóòdù, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ò lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ.

Ti CentOS náà ò yàtọ̀. Linux ọ̀fẹ́ kan ni, kóòdù Red Hat, ilé iṣẹ́ tó ń ta Linux, ni wọ́n ń kó nígbà yẹn, òfin sì gbà wọ́n láyè, àmọ́ lẹ́yìn tí lọ́yà Red Hat kọ̀wé sí wọn, wọ́n yọ orúkọ náà kúrò nínú ohun tí wọ́n ń kọ, wọ́n wá ń pè é ní ilé iṣẹ́ Linux ńlá kan ní Àríwá Amẹ́ríkà. Gbogbo ayé mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí, wọn ò ṣáà dárúkọ.

Àwọn kan á ní, "èmi kọ́, mo ti kọ kóòdù sínú project yẹn, tèmi náà ni." Ẹ dákun, ẹ gbọ́ ti Hudson, ètò kan tó ń bá àwọn tó ń kọ kóòdù dán iṣẹ́ wọn wò. Kohsuke Kawaguchi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Sun Microsystems, Oracle wá ra Sun ní 2010, ló bá ní òun lòun ni orúkọ Hudson. Àwọn tó ń kọ kóòdù yẹn dìbò ní oṣù kìíní 2011, wọ́n sì kó kóòdù wọn lọ sábẹ́ orúkọ tuntun, ìyẹn Jenkins tí gbogbo yín ń lò lónìí. Ẹni tó dá nǹkan sílẹ̀ gan-an ò rí orúkọ ẹ̀ mú lọ, ká tó wá sọ ẹni tó kàn ṣàtúnṣe README, ìwé àlàyé tó máa ń bá kóòdù wá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí OpenOffice, ètò tí wọ́n fi ń kọ̀wé lórí kọ̀ǹpútà, náà nìyẹn tí LibreOffice fi jáde ní 2010.

Kí ẹ má rò pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìkan ló ń jẹ nínú òfin yìí o. Ní Amẹ́ríkà ní 1994, ọkùnrin kan tí kò sí lára àwọn tó ṣe Linux lọ fi orúkọ "Linux" sílẹ̀ pé tòun ni, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sí àwọn tó ń lò ó pé kí wọ́n wá sanwó. Wọ́n fẹ̀sùn kàn án, 1997 ni orúkọ náà tó bọ́ sọ́wọ́ Linus Torvalds, ẹni tó dá Linux sílẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ fáwọn tó ń ṣe project l'Ékòó pé kí wọ́n má fi orúkọ wọn ṣeré nìyẹn.

Ìgbàgbọ́ kejì tún wà tó gbilẹ̀ gan-an lọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú: "yí color ẹ̀ díẹ̀, ó ti di tìẹ." Irọ́ ni. Òfin Trade Marks ti Nàìjíríà ò ní kí àmì méjèèjì bára mu délẹ̀délẹ̀, ohun tó ń wò ni bóyá wọ́n jọra débi tó lè da ojú aráàlú rú. Ọ̀pọ̀ project sì ti kọ ọ́ sínú òfin lógò wọn pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yí i padà, nítorí náà ẹni tó bá yí color ẹ̀ ti dá kún ẹ̀ṣẹ̀ ẹ̀ ni.

CAC, ilé iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ iṣẹ́ ajé sílẹ̀, ńkọ́? Ìwé tí CAC fún yín, orúkọ iṣẹ́ ajé yín ló fi sílẹ̀, kò sọ yín di ẹni tó ni búráńdì ẹlòmíì. Ibi tí wọ́n ti ń fi trademark sílẹ̀ ni Trademarks Registry l'Ábújá, lábẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí òwò, ọdún 7 ni wọ́n kọ́kọ́ ń fúnni, tẹ́ ẹ bá tún un ṣe, wọ́n á fi ọdún 14 mìíràn kún un. Tí project kan ò bá sì fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ńkọ́? Passing off ṣì wà, ẹni tó bá gbé ọjà ẹ̀ jáde bí ẹni pé ti ẹlòmíì ni lè dé kóòtù. Àwọn tó ń sọ pé "wọn ò lè wá mi dé Mushin" náà ò rò ó dáadáa, wọn ò ní láti wá sí Mushin kankan, wọ́n lè gba domain .com lọ́wọ́ yín láti ibi tí wọ́n jókòó sí, Google Play sì lè yọ app yín kúrò torí ẹ̀sùn trademark.

Àmọ́ o, ẹ má tún wá bẹ̀rù débi tẹ́ ò ní lè dárúkọ nǹkan mọ́. Ẹ lè kọ ọ́ sára pátákó pé "a ń kọ́ni ní Python", ẹ lè sọ pé ẹ̀ ń tún website WordPress ṣe, pé ètò yín ń ṣiṣẹ́ lórí Linux. Òótọ́ lẹ sọ, kò sẹ́ni tó máa mú yín sí i. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ sọ school yín ní orúkọ Python, kẹ́ ẹ fi lógò wọn ṣe tiyín, tàbí kẹ́ ẹ sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ló rán yín. Orúkọ tiyín ni kó wà níwájú, kó sì tóbi jù. WordPress ní tiwọn ò gbà rárá kí "wordpress" wà nínú orúkọ domain yín.

Òfin yìí ò rí bákan náà níbi gbogbo, ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ máa kà á. Tux, pẹngúìnì Linux tí Larry Ewing yà ní 1996, Ewing gbà kẹ́ ẹ lò ó kẹ́ ẹ tiẹ̀ tún un yà, tẹ́ ẹ bá ṣáà ti dárúkọ òun àti GIMP, ètò tó fi yà á, tí wọ́n bá bi yín. Debian ní lógò méjì, ọ̀kan gbogbo èèyàn lè lò ó, ìkejì tó ní ìgò nínú, iṣẹ́ Debian fúnra ẹ̀ ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ọ̀pọ̀ project ló sì ní àyè fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣe ìpàdé ọ̀fẹ́, wọn kì í le koko mọ́ wọn tó àwọn tó ń tajà.

Torí náà kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan lọ sí Ṣómólú, ẹ wá "trademark policy" lórí website project yẹn, ẹ kà á tán. Tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ò bá sí nínú ẹ̀, ẹ kọ e-mail sí wọn, ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀, iye tẹ́ ẹ fẹ́ tẹ̀, bóyá ẹ máa tà á àbí ẹ máa pín in, kẹ́ ẹ so àwòrán ẹ̀ mọ́ ọn. Tí wọn ò bá dáhùn, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé wọ́n ti gbà, ẹ lo orúkọ tiyín. Tí wọ́n bá gbà, ẹ tọ́jú e-mail yẹn, ẹ sì fún ẹni tó ń tẹ̀wé ní ẹ̀dà kan.