Ẹnu Òrofó Ló Ń Pa Òrofó: Ọ̀rọ̀ Mi sí Àwa Olólùfẹ́ Arsenal

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Òrofó yé ẹyin mẹ́fà péré, ó ní ilé òun kún ṣọ́ṣọ́ṣọ́. Ọdẹ tó ń bá tirẹ̀ lọ jẹ́jẹ́ gbọ́, ó gbójú sókè. Ẹ mọ ìyókù. Àwa olólùfẹ́ Arsenal, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Lọ́ńdọ̀nù, ni mo fẹ́ bá wí lónìí, torí ariwo tí à ń pa láti ọjọ́ tí Viktor Gyökeres, agbábọ́ọ̀lù iwájú, ti fọwọ́ síwèé lọ́dọ̀ wa ti ju ti òrofó lọ fíìfíì.

Oṣù kẹjọ ọdún 2025 ni mo ń kọ èyí, bọ́ọ̀lù sáà 2025/2026 kò tíì yí lórí pápá. Ọjọ́ Àìkú, 17 oṣù kẹjọ, la máa kọ́kọ́ jáde, Old Trafford, ilé Manchester United, la sì ń lọ. Síbẹ̀, bí mo bá ṣí fóònù mi láàárọ̀, ife ti wà lọ́wọ́ Martin Ødegaard, balógun wa, nínú àwòrán tí àwọn kan fi kọ̀ǹpútà ṣe. Ẹnì kan ti jókòó, ó ti ṣe ìṣirò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 38 látòkè délẹ̀, ó ní àmì 95 la máa ní. Òmíràn ní oṣù kẹta la ti máa gba líìgì Ẹ́ńgílándì, pé oṣù kẹrin la ó máa fi ṣeré. Àbúrò mi kan tí mo fẹ́ràn gan-an fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ fọkàn balẹ̀ o. Tọdún yìí ti parí." Kí ló parí? Èwo ló bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Inú èmi náà dùn nígbà tí Gyökeres dé. Ẹni tó gbá góòlù 54 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 52 fún Sporting ní sáà kan ṣoṣo, ta ni kò ní yọ̀ sí i? Àgàgà àwa tí a wo Mikel Merino, ọmọ àárín pápá, tó ń ṣiṣẹ́ agbábọ́ọ̀lù iwájú láti oṣù kejì nítorí pé Kai Havertz àti Gabriel Jesus ti fara pa. Martín Zubimendi tí a mú wá láti Real Sociedad, lójú tèmi, òun gan-an ló dára jù nínú gbogbo ohun tí a rà. Ara tí kò gbóná sódì, ojú tó ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ kí bọ́ọ̀lù tó dé ẹsẹ̀ rẹ̀, irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Cristian Mosquera á jẹ́ kí William Saliba àti Gabriel Magalhães tí wọ́n ń ṣọ́ ẹ̀yìn máa rí ìsinmi díẹ̀. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àwa nìkan la lọ sọ́jà. Liverpool tó gba líìgì sáà 2024/2025 ra Florian Wirtz, wọ́n tún ra Hugo Ekitike lé e. Manchester City náà ò sùn. Ọdẹ kún inú igbó, àwa là ń ké lórí igi.

Àbí a ti gbàgbé sáà 2022/2023 ni? Ọjọ́ 248 la fi wà lókè tábìlì líìgì. Kò tíì sí ẹgbẹ́ tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lókè ní ìpele àkọ́kọ́ ní Ẹ́ńgílándì tí kò gba ife. Lóṣù kẹta ọdún 2023 yẹn, ọ̀dọ́kùnrin kan nínú àwa tí a jọ máa ń wo bọ́ọ̀lù gbé jẹ́sì rẹ̀ lọ fún àwọn tó ń tẹ̀wé sára aṣọ. Orúkọ rẹ̀ kọ́ ló ní kí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. "CHAMPIONS 2023" ni, lẹ́tà funfun gbàgàdà, láti èjìká kan dé èkejì. Bó bá ti rí olólùfẹ́ City, á kẹ́yìn sí i, á dúró kó lè kà á tán. Àwa àgbà tó wà níbẹ̀ sọ fún un pé kó rọra. Ó ní ìbẹ̀rù ló ń dà wá láàmú.

Oṣù kẹrin dé. A gbá 2 wọlé ní Anfield, ilé Liverpool, ó di 2-2. A tún gbá 2 sílé West Ham, ó di 2-2. Southampton, tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, wá bá wa ní Emirates, pápá wa. Kò tíì pé ìṣẹ́jú kan tí Aaron Ramsdale, aṣọ́lé wa nígbà náà, fi ṣi bọ́ọ̀lù gbá fún Carlos Alcaraz, ọmọ Southampton, bọ́ọ̀lù sì ti wọlé. Mo ń wo ọmọkùnrin yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó sún àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀ títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ohun tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. A rá pálá, a dé 3-3, gbogbo wa fò sókè, òun ò dìde. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ tí City fi 4-1 lù wá ní Etihad, pápá wọn. Ọjọ́ yẹn, kò wá rárá. City kọ́ ló dójú tì í. Ẹnu rẹ̀ ló fi pè é.

Àwọn kan á ní ariwo olólùfẹ́ kì í gbá bọ́ọ̀lù, pé ohun tí a bá sọ níhìn-ín kò kan Mikel Arteta, olùkọ́ni wa, lọ́hùn-ún. Irọ́ ni. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà ní fóònù lọ́wọ́. Bukayo Saka, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, mọ ohun tí ẹnu àwọn èèyàn lè ṣe fún ọmọ ènìyàn. Ẹ rántí pẹnáríìtì tó pàdánù fún Ẹ́ńgílándì lọ́dún 2021 àti èébú ẹlẹ́yàmẹ̀yà tí wọ́n fi bò ó mọ́lẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún 19 ni nígbà náà. Tí a bá ti sọ fún gbogbo ayé pé líìgì ti di tiwa, ọ̀mì kan ṣoṣo á wá dà bí àjálù. Ìṣẹ́jú 20 á kọjá láìsí góòlù, ìkùnsínú á bẹ̀rẹ̀ nínú pápá débi pé ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n á gbọ́. Ẹsẹ̀ àwọn ọmọ á wúwo. Àwa la di ẹrù náà, àwa la gbé e lé wọn lórí.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó gba líìgì lọ́wọ́ wa gan-an, torí ohun tí à ń pariwo lé lórí kọ́ ni. Ní sáà 2023/2024, àmì 89 la ní, City ní 91. Àmì 2. West Ham wá sílé wa lóṣù Kejìlá, wọ́n lù wá 2-0. Aston Villa wá lóṣù kẹrin, àwọn náà lù wá 2-0. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì yẹn, bí a bá rí ọ̀kan gbà pada, ife dé.

Ti sáà 2024/2025 wá jẹ́ èyí tó dùn mí jù. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré ni wọ́n nà wá nínú líìgì látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Liverpool tó gba ife, ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni wọ́n na àwọn náà. Níbo wá ni àmì 10 tí wọ́n fi jù wá lọ ti wá? Ọ̀mì ni. Àwa gbá ọ̀mì 14, wọ́n gbá 9. Ẹ lọ wo bí àwọn ọ̀mì yẹn ṣe wá. Lọ́jọ́ tí Brighton wá, góòlù kan sí òdo la fi wà níwájú, Declan Rice fi ẹsẹ̀ ti bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbá, bóyá kò tilẹ̀ rìn ju ìṣísẹ̀ méjì lọ. Káàdì kejì, ó di pupa, ó di 1-1. Ní Etihad, Leandro Trossard gbá bọ́ọ̀lù dànù lẹ́yìn tí fèrè ti fọn. Pupa. Àwọn 10 tó kù fi gbogbo ara wọn dí ẹnu ọ̀nà títí di ìṣẹ́jú 98 kí John Stones tó sọ ọ́ di 2-2. Mo rò ó títí alẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò lè sùn. Àwọn adájọ́ le jù, mo gbà bẹ́ẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé adájọ́ ń ṣọ́ òun, kí ló ń fẹsẹ̀ wá lára bọ́ọ̀lù tó ti kú? Káàdì pupa 6 la gbà nínú líìgì lápapọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n padà fagi lé ọ̀kan tí wọ́n fún Myles Lewis-Skelly. Gyökeres kò lè gbá ìyẹn wọlé fún wa. Kò sí ẹni tí a lè rà tó lè bá wa san gbèsè ìwà àìníkòóra-ẹni-níjàánu.

Ìdí nìyí tí òwe kejì yìí fi wà lọ́kàn mi láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí kárà-kátà agbábọ́ọ̀lù: bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Aṣọ tuntun la ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ta ni a rà, èló ni a rà á, ta ni ó kù tí a ò tíì rà. Àkísà là bá máa kà. Liverpool ti Jürgen Klopp ní àmì 97 ní sáà 2018/2019, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n nà wọ́n, síbẹ̀ ipò kejì ni wọ́n wà, City fi àmì kan ṣoṣo gbà á. Wọ́n kó àkísà yẹn pamọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àmì 99, ife wọlé. Nígbà tí Arne Slot gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Klopp ní 2024, Federico Chiesa nìkan ni ẹni tuntun tó wọ ẹgbẹ́ náà fún sáà yẹn, àwọn èèyàn sì fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé wọn ò ra nǹkan kan. Àwọn ló gba líìgì. Bayer Leverkusen wà ní ipò 17 nínú ẹgbẹ́ 18 nígbà tí Xabi Alonso dé ní oṣù Kẹwàá 2022. Ní 2023/2024, wọ́n gba líìgì Jámánì láìsí ẹni tó nà wọ́n níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àwa náà ti lákìísà báyìí. Ipò kejì lẹ́ẹ̀mẹta léra wọn. Ọmọ tó ti jẹ irú ìyà yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, tó tún lọ na Real Madrid 3-0 nílé, tó tún lọ nà wọ́n 2-1 ní Bernabéu, ó ti ń di àgbà. Ìgbàgbọ́ mi nínú ẹgbẹ́ yìí ti ibẹ̀ wá, kò ti ọjà wá. Mo rò pé a lè gba líìgì yìí. Mo tún rò pé ohun tó máa sọ ọ́ ni bí a bá ṣe ṣe nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 àkọ́kọ́, torí Manchester United, Liverpool, City àti Newcastle ló wà nínú rẹ̀, mẹ́ta nínú wọn ló sì jẹ́ pé àwa la máa lọ bá wọn nílé wọn. Ẹgbẹ́ tó dára jù láyé lè pàdánù àmì níbẹ̀. Tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń ka 95 yìí lẹ máa kọ́kọ́ bú Arteta.

Mo ti rí i tẹ́lẹ̀. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ lásán ni Tottenham fi nà wá 1-0 ní Hong Kong, tí Villarreal náà sì nà wá 3-2. Àwọn kan ti ní kí Arteta máa lọ. Lọ́sẹ̀ kan náà la tún na Athletic Bilbao 3-0, Gyökeres gbá góòlù, ẹnu kan náà sì yí padà, wọ́n ní ife ti délé. Ẹnu wo nìyẹn? Ẹnu tó ń gbéni ga láàárọ̀, tó ń tẹni mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án, ìfẹ́ wo ló wà níbẹ̀?

Ti Noni Madueke ló wá burú jù. Ọmọ tí kò tíì wọ aṣọ wa rí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn fọwọ́ síwèé lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé àwọn ò fẹ́ ẹ, torí pé Chelsea ló ti ń bọ̀. Kí ló ṣe wọ́n? Ẹni tí kò tíì tẹ bọ́ọ̀lù kan fún wa nígbà náà! Ẹ ń pe ara yín ní olólùfẹ́, ẹ sì ń fi ìwé lé ọmọ yín kúrò nílé kó tó wọlé. Ìtìjú ńlá ni, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Ẹni tó fọwọ́ sí ìwé yẹn kò lẹ́nu láti bú olólùfẹ́ ẹgbẹ́ mìíràn mọ́. Kó lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹni tó ya àwòrán ife, kó pa á rẹ́. Ẹni tó ń ka àmì 95, kó ka ti Old Trafford ná, 3 péré ni. Àti pé lọ́jọ́ Àìkú, tí Madueke bá dìde lórí bẹ́ǹṣì, ẹni tí kò bá lè pàtẹ́wọ́ fún un, kó pa fóònù rẹ̀, kó sì jókòó jẹ́ẹ́.