Síìlì ọkọ̀ eré-ìje kọ́ ló yẹ ọkọ̀ akérò

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí gbogbo ọkọ̀ akérò tó ń ná Iléṣà sí Ifẹ̀ máa lo síìlì fáàfù (òrùka kékeré tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì pọ̀ jù gba ara ọ̀pá fáàfù wọ ibi tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì) tí wọ́n fi Teflon, irú ike kan, ṣe, torí pé òun ni ọkọ̀ eré-ìje ń lò. Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Teflon ń gba ooru lóòótọ́, àmọ́ ó le, ó sì ń fún ọ̀pá fáàfù pinpin débi pé ọ́ìlì tó ń dé gáìdì, ìyẹn ihò tí ọ̀pá náà ń gbà lọ sókè-sódò, kì í tó nǹkan. Ẹ́ńjìnnì eré-ìje tí wọ́n ń tú palẹ̀ lóòrèkóòrè lè fara dà á. Ti akérò ńkọ́? Gáìdì á jẹ, fáàfù á máa mì, èéfín búlúù ti ọ́ìlì tó ń jó á dé. Síìlì Viton, irú rọ́bà kan, ni kí wọ́n rà: ó ń bá ọ̀pá lọ bó bá mì díẹ̀, ó sì ń fara da nǹkan bíi 200°C. Bó bá jẹ́ ìgbà tí ọkọ̀ ń gun òkè ni èéfín ń tú, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ríǹgì písítìn wò, torí ó lè má jẹ́ síìlì.