Àwọn Tó Ṣì Ń Tajà Ni Kẹ́ ẹ Kà Fún Wa

Wọ́n tún ti ṣe é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn tó ń bójú tó ọ̀kan lára àwọn ibùdó tí wọ́n ti ń tọ́ iléeṣẹ́ kéékèèké dàgbà nílùú Abẹ́òkúta yìí kó oníròyìn jọ, wọ́n ka iye èèyàn tí wọ́n ti dá lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n pín sáfíkéètì, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ọ̀wọ́ tuntun. Wọ́n sọ̀rọ̀ títí, kò sẹ́ni tó dárúkọ ẹyọ iléeṣẹ́ kan tó ti jáde níbẹ̀ tó ṣì ń tajà.

A ti béèrè nínú abala yìí rí, a tún ń béèrè: àwọn tó jáde lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn dà? A ò bi yín ní iye kọ̀ǹpútà o. Ní Batavia, ìpínlẹ̀ New York, tí irú ibùdó yìí ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959, iléeṣẹ́ ńlá kan ló kógbá sílé tíṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ ará ìlú, ìdílé tó ra ilé náà wá pín in fáwọn oníṣòwò, torí káwọn èèyàn lè ríṣẹ́ ni. Nàìjíríà náà kì í ṣọmọ àná nídìí ẹ̀, ti Agége ti wà láti 1993. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún, sáfíkéètì la ṣì ń kà.

Obìnrin kan ń ṣe ọṣẹ olómi ní Láfẹ́nwá, sáfíkéètì ẹ̀ wà nínú férémù lára ògiri, jẹnẹrétọ̀ tí ò ṣiṣẹ́ mọ́ wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ó ní wọ́n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń kọ bísínẹ́ẹ̀sì pláànì, wọ́n kọ́ òun béèyàn ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú olówó, àmọ́ nọ́ńbà NAFDAC tí àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì ń béèrè, kò sẹ́ni tó bá òun dá sí i, látọjọ́ tóun sì ti jáde kò sẹ́ni tó pe òun. Nínú ìwé tiwọn, wọ́n ti ka obìnrin yìí mọ́ àṣeyọrí.

Ọgbọ́n kan tún wà níbẹ̀. Wọ́n á mú ẹni tí ọjà ẹ̀ ti ń yá kó tó wọlé, tó bá wá lówó tán, wọ́n á láwọn làwọn ṣe é. Ẹ wá àwọn tó kọ fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ ò gbà, kẹ́ ẹ wo bí tiwọn ṣe ń lọ. Tí àwọn tẹ́ ẹ gbà àtàwọn tẹ́ ẹ lé bá jọ ń rìn bákan náà, kí lowó ìlú wá ṣe níbẹ̀? A ò ní kí gbogbo wọn yè é o, ọjà ò rí bẹ́ẹ̀, a mọ̀.

Èsì tí wọ́n fún wa ni pé "àkọsílẹ̀ ń bọ̀." Ó ń bọ̀ láti ibo? Ìlú òyìnbó ni? Láti Òkè-Mọ́sàn tí ọ́fíìsì gómìnà wà dé Láfẹ́nwá, ọ̀kadà ń lọ. Nọ́ńbà fóònù gbogbo wọn wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi wọlé. Ẹ ra káàdì fún kọ́pà méjì, kí wọ́n máa pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ṣé ẹ ṣì ń tajà, èèyàn mélòó ló ń gbowó oṣù lọ́dọ̀ yín, ṣé èrè yín ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Kí ló le níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́?

Kí ọ̀wọ́ tuntun tó wọlé, kí wọ́n lẹ orúkọ àwọn tó ti jáde mọ́ gééètì, pẹ̀lú ibi tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà, kí wọ́n kọ àwọn tó ti kógbá sílé náà síbẹ̀. A ó rán akọ̀ròyìn lọ kà á.